Àlùbọ́sà Tí Mo Fi Tọ́jú Ẹ̀jẹ̀ Àgbò Àlàájà

Ọjọ́ kan wà tí mo máa ń gbàdúrà pé kí gbogbo ará Ìpáò gbàgbé, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni n kò rí i gbàgbé. Ọjọ́ Sátidé ni, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe Iléyá. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó yẹ̀, mo ti dúró níwájú Lémọ́mù, mo ti ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ fún un bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ iléèwé, mo sì ti jókòó sínú ìtọ̀ àgbò pẹ̀lú aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fara balẹ̀, n ó sọ bó ṣe jẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi gbẹ̀bí, tí mo fi gúnni lábẹ́rẹ́, tí mo sì fi bá àwọn aboyún wí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, èmi àti ọkọ mi padà sí Ìpáò-Èkìtì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti fi oko kòkó sílẹ̀ fún un. Bàbá Ṣọlá, ọkọ mi, ní kòkó rẹ̀. Èmi kò ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ti ń pàṣẹ fún èèyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, bó bá fẹ̀yìn tì, ó di dandan kó rí nǹkan kan máa pàṣẹ fún. Ọkọ mi kọ̀. Mo bá ra àgùntàn.

Abo mẹ́fà ni mo rà. Ìkeje wọn kì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi Àlàájà ló ni í, àgbò kékeré kan tó funfun báláú, tí dúdú rọra yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká bí ẹni lé tìróò. Láti ìgbà tí èmi àti Àlàájà ti jọ ń pọnmi lódò la ti ń ṣọ̀rẹ́. Àlùbọ́sà ló ń tà lọ́jà Ìkọ́lé. Etí títì ni ilé rẹ̀ wà, ọkọ̀ sì ti pa àgùntàn rẹ̀ méjì. Ó wá bá mi, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, bá mi sin ọ̀kan yìí títí di Iléyá tó ń bọ̀. Ọwọ́ ẹ ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní kó máa lọ, pé kó lọ máa pọ́n ọ̀bẹ.

Èmi kò sin àgùntàn bí àwọn ará ilé wa ṣe ń sìn ín. Tiwọn a máa rìn kiri ìlú, a máa jẹ èèpo iṣu níhìn-ín, a máa lá eérú lẹ́yìn ààrò lọ́hùn-ún, a máa jí àgbàdo ẹlẹ́gbo jẹ, a sì máa jẹ pàṣán lórí rẹ̀. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìmọ́tótó. Mo kọ́lé fún tèmi, mo ṣọgbà yí i ká, mo sì kọ àkókò oúnjẹ sára ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo sá gbẹ láàárọ̀, koríko láti inú oko àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án, èèpo ẹ̀gẹ́ nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni láti oṣù dé oṣù. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà tiẹ̀ fi iyọ̀ líle kan hàn mí, ó rí bíi bíríkì, ó ní kí n gbé e kọ́ kí wọ́n máa lá a.

Mo bi í pé, “Ṣé àwọn àgùntàn ìyá mi lá bíríkì?”

Ó ní, “Mà, n kò mọ ìyá yín.”

Mo gbọn etí aṣọ mi, mo kọjá lọ.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tí kò yé mi. Méjì nínú àwọn abo ti bímọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ń rìn gan-an-gan, bí ẹni tí wọ́n fi igi sí lẹ́sẹ̀. Àgbò Àlàájà, tó ti máa ń kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ títí ọkọ mi yóò fi bú u, kò kàn án mọ́. Bó bá rìn díẹ̀, a máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mo wọlé sí i, mo dá a dúró, mo fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe fún aboyún. Inú ojú tó yẹ kó pupa funfun bí ẹ̀kọ tútù. Mo yẹ tàwọn yòókù wò, bákan náà ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kàkà kí ẹ̀rù bà mí, ńṣe ni inú mi dùn. Mo mọ àìsàn yìí! Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá a jà. Mo wọ bàtà, mo wọkọ̀ lọ sí Ìkọ́lé, mo wọ kẹ́mísì, mo béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń fún aboyún, èyí tí wọ́n fi irin ṣe.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà dá mi mọ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni? Aboyún mélòó ni?”

Mo ní, “Méje.”

“Háà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé gbogbo wọn ni wọ́n lágbára láti gbé oògùn mì?”

Mo ní, “Ọ̀kan ló ṣeé ṣe kó máa tu ú jáde. Òun ni akọ.”

Ó wò mí, ó wo oògùn, kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ti ń bá Mọ́mì Nọ́ọ̀sì.

Ẹni tí kò bá tíì fi oògùn sí àgbò lẹ́nu rí, kó máa dúpẹ́. Mo fi í sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tu oògùn. Mo lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ, ó da ẹ̀kọ nù sí mi láyà. Níkẹyìn mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó gé e jẹ. Mo fi báńdéèjì dì í, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ìgbẹ́ wọn dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìgbẹ́ aboyún tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Mo pe ọkọ mi wá wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ohun tó ń dùn mọ́ nọ́ọ̀sì nínú!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, inú ojú wọn kò pupa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi imú tì í pé kó dìde. N kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Ṣọlá gbẹ́lẹ̀ fún un nídìí kòkó, ó dúró díẹ̀, ó sì fi ohùn Èkìtì rẹ̀ sọ pé, “Ìyá Ṣọlá, uṣẹ́ dókítà ẹran yàtọ̀ sí uṣẹ́ ẹ. Jẹ́ ká pe wọ́n.”

Mo ní, “Bàbá Ṣọlá, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ní.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àbí? Èmi náà gbádùn rẹ̀. Mo wá pinnu pé aràn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo ra oògùn aràn, mo fún wọn, kò yí padà. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìyá mi máa ń fún wa ní àlùbọ́sà jẹ bí inú bá ń run wá. Bí díẹ̀ bá ṣe ọmọ èèyàn lóore, púpọ̀ yóò ṣe àgùntàn lóore. Mo ránṣẹ́ sí Àlàájà pé bó bá ní àlùbọ́sà tó ti ń rọ̀, tí oníbàárà kò fẹ́ mọ́, kó bá mi kó o pamọ́. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó rò pé àwọn ìyá ìjọ wa fẹ́ se oúnjẹ ìkórè. Agbọ̀n kan dé, òmíràn tẹ̀ lé e. Èmi náà kò sọ fún un, nítorí n kò fẹ́ kó mọ̀ pé àgbò rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti tóbi jù.

Àwọn àgùntàn náà fẹ́ràn rẹ̀! Wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ọsàn. Èémí wọn gba gbogbo ilé. Bàbá Ṣọlá jókòó sí ìta pẹ̀lú rédíò rẹ̀, ó di imú, ó ní, “Mo ti rí ẹni tó pa ẹran kó tó fi èròjà sí i. Ẹran tí wọ́n ń fi èròjà sí nínú kó tó kú, ọ̀dọ̀ ẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí i.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjọ́ Sátidé tí mo wí.

Láàárọ̀ ni Àlàájà dé láìsọ tẹ́lẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Lémọ́mù mọ́sálásí àdúgbò wọn, bàbá pẹ̀lẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn wá wo àgbò. Ẹran tó bá ṣàìsàn tàbí tó rù hangogo, wọn kì í fi ṣe Iléyá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí Àlàájà ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo wọlé lọ wọ aṣọ àǹkárá mi tó dára jù. N kò mọ ìdí tí mo fi rò pé bí aṣọ mi bá dára, ara àgbò yóò yá.

Bí mo ṣe jáde, mo bá ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó wọ bàtà òjò, tó gbé àpótí kan lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní láti Ìkọ́lé làwọn ti wá, pé àwọn ń gún àgùntàn ìlú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, “O káre, ọmọ mi. Ṣé àgùnbánirọ̀ ni ọ́? Dúró síbẹ̀ yẹn, wàá rí nǹkan kọ́.”

Ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì dúró.

Mo fa àgbò jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo ní kí Lémọ́mù má wo rírù rẹ̀, inú ni iṣẹ́ wà. Mo ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti dín kù díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi ìmọ̀ ọgbọ̀n ọdún dá a padà. Lémọ́mù ń mi orí. Àlàájà ń wo àgbò, kò wò mí. Ibi tí mo ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ìyè ni àgbò ti la ẹsẹ̀, ó sì tọ̀. Ìtọ̀ náà kò funfun, kò pọ́n bí epo. Ó dúdú pẹ̀lú pupa, bíi sobo tí wọ́n sè jù.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n ẹni tó ti ń ṣe ọ̀gá fún ọgbọ̀n ọdún kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Mo nàka sí i, mo ní, “Ẹ wò ó! Ẹ rí i fúnra yín! Ẹ̀jẹ̀ ti kún ara rẹ̀ débi pé ó ń ṣàn dànù!”

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni orúnkún àgbò ṣẹ́. Ara mi ló wó lé. Mo fẹ́ dì í mú, ẹsẹ̀ mi yọ̀, àwa méjèèjì balẹ̀ gbì. Mo jókòó sínú ìtọ̀, apá mi kan sì wọnú ọpọ́n oúnjẹ wọn. Nígbà tí mo fa apá yọ, èèpo àlùbọ́sà ló lẹ̀ mọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbúnwọ́.

Àlàájà tẹ̀ síwájú. Ó mú èèpo kan lára mi, ó gbé e sí imú. Ó rọra wí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé àlùbọ́sà mi nìyí? Ṣé àgbò mi lo fi àlùbọ́sà mi bọ́?”

Ọmọbìnrin oníbàtà òjò ti kúnlẹ̀ ti ẹran náà. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó gbé etí lé àyà rẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo ń fún un jẹ, láti ìgbà wo. Mo dá a lóhùn bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, “Mà, ẹ̀jẹ̀ kò kún un. Ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń fọ́ nínú iṣan rẹ̀, ìyẹn ló ń bá ìtọ̀ jáde.”

Mo ní, “Ta ló sọ fún ọ?”

Ó ní, “Èmi ni dókítà ẹran ní Ìkọ́lé, mà.”

Láti inú ilé ni mo ti gbọ́ tí ọkọ mi pa rédíò.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti iṣan ọrùn àgbò, ó dà á sínú ìgò tín-ínrín, ó fi ti ògiri. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà silẹ̀, omi sì dúró lókè. Ó gbé e wá fún mi. Omi yẹn, bí ara bá le, a máa mọ́ tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Èyí pupa. N kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ti rí irú rẹ̀ lára èèyàn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ti fọ́ ló ń pa á láró.

Ó ní bí a kò bá rí ẹ̀jẹ̀ fún àgbò yìí lọ́jọ́ náà, kò ní rí ọjọ́ kejì. Kò lè jẹ́ látara àwọn tèmi, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń jẹun kan náà. Lémọ́mù, tí kò tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ láti ìgbà tó ti dé, ní òun ní àgbò ńlá kan nílé, arìnkiri tí kò sí ibi tí kì í jẹ dé. Ó bi dókítà pé, “Ṣé bí ẹ bá fa ẹ̀jẹ̀ tèmi sí ti Àlàájà, kò ní di pé méjèèjì di tèmi?”

Àlàájà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó yè ná, ká tó pín in.”

Dókítà wakọ̀ lọ sí Ìkọ́lé lọ gbé àpò ẹ̀jẹ̀ àti okùn rẹ̀. Kí ó tó dé, wọ́n ti fa àgbò Lémọ́mù wá. Níbẹ̀ ni mo ti wúlò díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo bá a fi okùn sí iṣan, mo gbé àpò náà sókè lábẹ́ igi kan nínú ọgbà títí apá fi ń ro mí, mo ń ka bó ṣe ń kán tó-tó-tó. Aṣọ mi ń rùn. Kò sẹ́ni tó bú mi. Àlàájà gbé orí àgbò lé itan, ó ń kán omi sí i lẹ́nu. Ìbá sàn fún mi kó bú mi.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, àgbò gbé orí sókè. Ó wò mí, ó sì yí ojú kúrò.

Dókítà mú ẹ̀jẹ̀ àwọn yòókù lọ, ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó tún fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò kan tó ju tiwọn lọ. Èsì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó wá jókòó tì mí lórí àga ní ẹ̀yìn ilé, ó sì ṣàlàyé. Sẹlẹ́níọ́ọ̀mù, èròjà kan tó ń ti inú ilẹ̀ wọ oúnjẹ, ni wọn kò ní tó lára. N kò purọ́, mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nígbà tí mo wà níléèwé nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ti jáde lórí mi kí n tó jáde níbẹ̀.

Ó ní, “Mà, ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí à ń mí káàkiri ara. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń mú kí irin dípẹtà. Bó ṣe ń ṣe irin níta ló fẹ́ ṣe ara ẹ̀jẹ̀ nínú. Ara wá ní ẹ̀ṣọ́ kan tó máa ń gbá ìpẹtà yẹn dànù kó tó jẹ ògiri ẹ̀jẹ̀ lu. Sẹlẹ́níọ́ọ̀mù wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ náà. Bíńtín ni ara nílò, ṣùgbọ́n bí bíńtín yẹn kò bá sí, kò sí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́ kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé.”

Mo ní, “Àlùbọ́sà ńkọ́?”

“Àlùbọ́sà ní nǹkan tó máa ń mú kí ìpẹtà yẹn pọ̀ sí i. Àgùntàn tó ní ẹ̀ṣọ́ lè fara da díẹ̀. Àwọn tiyín kò ní ẹ̀ṣọ́, ẹ sì gbé agbọ̀n kún un.”

“Oògùn irin mi ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Irin kọ́ ni wọ́n ṣaláìní, mà.”

Ó ní látinú ilẹ̀ ni koríko ti ń fa sẹlẹ́níọ́ọ̀mù. Oko àtijọ́ ẹ̀yìn ilé wa, tí wọ́n ti ń ro láti ayé bàbá ọkọ mi, ó ṣeé ṣe kó máà ní in púpọ̀ mọ́. Ẹran tó ń rìn kiri yóò rí i níbòmíràn. Tèmi, mo ti há wọn mọ́ orí ilẹ̀ kan ṣoṣo nítorí ìmọ́tótó. Àìní rẹ̀ náà ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ le gan-an-gan, nítorí ó máa ń ba ẹran ara náà jẹ́. Ọmọ kejì ti kú kí abẹ́rẹ́ tó dé. Àwọn ìyá ló kù.

Ẹ máa rò pé mo ti gbọ́n báyìí. Dókítà gún wọn lábẹ́rẹ́ sẹlẹ́níọ́ọ̀mù ní ìwọ̀n, ó sì ní kí n ra iyọ̀ bíríkì yẹn, tí èròjà náà wà nínú rẹ̀, fún wọn láti máa lá. Mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò mọ ìyá mi. Nígbà tí mo délé, mo rò ó pé bó bá jẹ́ lílá ni wọn yóò máa lá a, ìgbà wo ni ara wọn yóò tó yá? Mo gbé odó síta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, kí n lè dà á sómi fún wọn mu tán lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Ṣọlá yọjú lójú fèrèsé. Kò bá mi jiyàn. Fóònù ló gbé, ó pe dókítà, ó sì na fóònù sí mi létí.

Dókítà ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ odó sílẹ̀. Èyí tó ń gbà wọ́n là yìí, bó bá pọ̀ jù, ó ń pa wọ́n.”

Mo fi í sílẹ̀. Mo kó ìyókù bíríkì náà kúrò nínú odó, mo gbé e kọ́ kí wọ́n máa lá a.

Àgbò Àlàájà yè, ṣùgbọ́n kò sanra tó fún Iléyá. Nínú ẹran Lémọ́mù ni wọ́n ti jọ ṣe ọdún náà, Àlàájà sì ru ẹran wá fún mi nínú abọ́ bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Kì í ṣe àlùbọ́sà ló dùn mí. O rí i pé ó ń ṣàìsàn, o ò sọ fún mi.” Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó, a jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lẹ́yìn náà. Mo ń rò nípa àwọn aboyún mi. Ọ̀kan wà nínú wọn, obìnrin aláròóbọ̀ kan láti Ìrèlé-Èkìtì, tí inú ojú rẹ̀ kì í pupa rárá. Oyún mẹ́rin ló gbé wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà kọ̀ọ̀kan mo ń fún un ní oògùn irin, mo sì ń pariwo lé e lórí níwájú gbogbo èèyàn pé kì í lò ó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi: bó bá jẹ́ pé ó ń lò ó ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé irin kọ́ ló ṣaláìní? Mo fi àwọn òkú ọmọ àgùntàn méjì yẹn sọ́kàn, mo wọkọ̀ lọ sí Ìrèlé.

Mo bá a lọ́jà, ó ń to ata. Ó ti ní ewú lórí. Ara rẹ̀ le. Ó dá mi mọ̀, ó kúnlẹ̀. Mo gbé e dìde, mo ní èmi ni mo yẹ kí n kúnlẹ̀, pé mo wá tọrọ àforíjì fún gbogbo ìgbà tí mo pè é ní òpùrọ́ nípa oògùn yẹn.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. N kò gbé ẹyọ kan mì rí. Ẹ̀yìn ilé ni mo ń jù wọ́n sí.”

Mo ní, “Kí ló dé?”

“Wọ́n máa ń mú mi bì bí ẹni pé ìfun mi fẹ́ jáde. Ká ní ẹ béèrè lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá ti sọ.”

Ọgbọ̀n ọdún. Mo ti jẹ̀bi, mo sì ti jàre, mo tún ti jẹ̀bi padà, gbogbo rẹ̀ lórí àga kékeré kan nídìí ata. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú obìnrin náà, ó ń gbìyànjú láti gbé e mì nítorí ọ̀wọ̀, kò rí i gbé mì. Ẹ̀rín mú èmi náà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Kí n tó sọ ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni, ẹran tàbí èèyàn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń jẹ ẹ́, kí n sì dákẹ́ gbọ́ èsì. Mo sọ èyí fún obìnrin náà. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun láàárọ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé n kò tíì jẹ nǹkan kan.